Téèpù Tó Fà àti Agolo Tíì Àbúrò Mi

Ohun tó ń dí mi lóorun láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn kò ju márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í wá lọ́kọ̀ọ̀kan: abẹ́rẹ́ oorun tí wọ́n fẹ́ gún mi kí wọ́n tó la orúnkún mi, irin àtẹ̀gùn ilé mi tó ń mì, ológbò tí n kò mọ ẹni tí yóò máa bomi fún un, bóyá òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn àti tèmi bára mu, àti àbúrò mi ọkùnrin, tí èmi àti òun kò tíì bára wa sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́ta. Mo kọ ìwé yìí kí n lè dín wọn kù.

Èmi, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Téèpù, tí orúkọ mi ní kíkún wà lórí ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ tí mo so mọ́ ẹ̀yìn ìwé yìí, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, sọ ọ́ báyìí pé ọpọlọ mi pé, pé ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, àti pé ìwé ìhágún mi kan ṣoṣo nìyí. Ìwọ̀n mi láàárọ̀ yìí jẹ́ kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Mo mọ̀ pé òfin kò béèrè ìyẹn. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ló béèrè rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní méjìdínlọ́gọ́fà, ó ní òun kò ní fọwọ́ kan orúnkún mi àfi tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí ọgọ́rùn-ún.

Akọ́bí mi obìnrin, olùkọ́ ìṣirò, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, awakọ̀ akẹ́rù, ni alámòójútó ìwé yìí. Kí wọ́n jókòó kà á pọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun.

1. Mo fi ilé mi, ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ àti yàrá mẹ́ta tó wà lókè, fún àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ́gbọọgba. Kí wọ́n tún irin àtẹ̀gùn ṣe kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún wá bá wọn kẹ́dùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pe wẹ́dà. "Mo ti wà lọ́nà, bàbá" ló máa ń wí.

2. Máṣíìnì dúdú tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, sísọ́ọ̀sì ńlá àti áyọ́ọ̀nù jẹ́ ti ẹni tó ti bá mi ránṣọ fún ogún ọdún, tí a ń pè ní Ojú-Abẹ́rẹ́. Òun ló gbá mi mú lọ́jọ́ tí mo dákú sórí tábìlì ìlọṣọ. Ohun tí mo sọ fún àdúgbò nípa ọjọ́ náà kò pé, mo sì fẹ́ kó pé níbí.

Àbúrò mi ń ta tíì. Nígbà tí orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ wàhálà, ó gbé agolo tíì aláwọ̀ ewé kan wá fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ife méjì lójúmọ́, láìsí ṣúgà, kí ẹ sì dín oúnjẹ kù díẹ̀." Tíì ni mo gbọ́, n kò gbọ́ ìyókù. Mo ń mu ife mẹ́sàn-án, mo sì ń fi búrẹ́dì kan ṣoṣo gbé ọjọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo wọn ìbàdí mi, ó ti fi íǹṣì méjì ààbọ̀ dín. Inú àbúrò mi dùn débi pé ó kọ ọ́ sára páálí, ó sì gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo dákú. Nígbà tí ara mi yá, mo lọ bá a níbẹ̀, mo sì pè é ní olóró lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó ká páálí náà, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Láti ìgbà náà, kò fẹsẹ̀ tẹ ilé mi mọ́.

3. Kí wọ́n tú àwọn ṣòkòtò mi fífẹ̀ kí wọ́n fi ṣe aṣọ ìnulẹ̀, àyàfi èyí tó ní àwọ̀ eérú. Ìyá àwọn ọmọ mi, tó ti lọ láti ọdún mẹ́fà, ló máa ń tú ìdí rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tó ń fi ìdajì íǹṣì kún un, kí n má bàa mọ̀ pé mò ń sanra. Èmi aránṣọ, n kò rí ojú-rírán rẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ìgbà tó kú ni ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi. Akọ́bí mi ni kó gba èyí.

4. Òṣùwọ̀n kékeré inú ilé ìdáná, abọ́ tí mo fi ń wọn ìrẹsì, àti ìwé tí mo ń kọ oúnjẹ mi sí jẹ́ ti ọmọ mi ọkùnrin, tí ikùn rẹ̀ ti ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Má bínú, ọmọ mi. Ìwé náà ni kí o kọ́kọ́ kà. Obìnrin tó ń ṣètò oúnjẹ aláìsàn ní ilé ìwòsàn ló kọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, tíì kì í yọ́ ọ̀rá. Ó lè ran ara lọ́wọ́ díẹ̀ láti jó oúnjẹ, bísíkíìtì kan á sì ti gba gbogbo rẹ̀ padà." Ó ní bí mo ṣe febi pa ara mi, ara mi rò pé oúnjẹ ti tán láyé, ó wá ń ṣọ́ ìwọ̀nba tó ní ná. Ẹgbẹ̀sán kálórì ló fún mi lójúmọ́: ẹyin tàbí ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tó pọ̀, ìrẹsì abọ́ kan. Mo sì ń rìn dé ìkóríta, mo ń padà. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi sọ kílò mọ́kànlélógún nù. Mo ṣì ń mu tíì, ife méjì. Ohun tí àbúrò mi sọ gan-an nìyẹn.

5. Mo fi téèpù mi méjèèjì fún àbúrò mi. Ọ̀kan jẹ́ aláṣọ, tí mo ti gbé kọ́rùn láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Ìkejì jẹ́ oníke, tó máa ń wà lára ògiri. Oníke ni mo fi wọn ìbàdí mi níbẹ̀rẹ̀; aláṣọ ni mo fi wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ kẹta. Ní oṣù tó tẹ̀ lé ìjà wa, ọkọ ìyàwó kan dá kóòtù padà lẹ́ẹ̀mejì pé ó fún òun. Mo tẹ́ téèpù méjèèjì sórí tábìlì. Aláṣọ ti fà. Níbi tí ìbàdí mi dé, ó fi íǹṣì méjì ààbọ̀ gùn ju èkejì lọ. Ìbàdí mi kò dín rárá. Irọ́ tí àbúrò mi kọ sára páálí, láti ọrùn mi ló ti wá, n kò sì sọ fún un rí. Kí wọ́n tẹ́ wọn síwájú rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Ojú rẹ̀ á rí i.

6. Ológbò jẹ́ ti Ojú-Abẹ́rẹ́. Kó má fún un ní mílíìkì.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, ọdún 2026.
Bàbá Téèpù, aránṣọ.

Ẹlẹ́rìí kìíní: obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.
Ẹlẹ́rìí kejì: olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, aládùúgbò mi.
(Ojú-Abẹ́rẹ́ fẹ́ jẹ́rìí, n kò gbà, nítorí ohun ìní kàn án.)

Ohun tó tẹ̀ lé e yìí kì í ṣe ara ìwé ìhágún, kò sì nílò ẹlẹ́rìí. Nígbà tí mo ka ẹsẹ karùn-ún sókè, oníbọ́tìnnì gbé bírò sílẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá Téèpù, ṣọ́ọ̀bù àbúrò yín kò ju òpópónà mẹ́ta lọ. Ó dìgbà tí ẹ bá kú kí téèpù tó lè débẹ̀?" Orúnkún mi kọ́ ni yóò dá mi dúró; mo ń rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni iṣẹ́ abẹ. N óò kó téèpù méjèèjì sápò, n óò gbé agolo tíì lọ́wọ́, bóyá ó ṣì ní ife méjì. N óò gbéra ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta.