Bí Mo Ṣe Gé Kóòtù fún Ẹyin Méjìlá

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́jọ yẹn ò tíì ba orúnkún rẹ jẹ́? A ò ní gbọ́ ohun tí etí ò fẹ́ lórí rẹ o. Ara àwa náà le. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò bínú mọ́, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú.

Páálí tí o fi ránṣẹ́ dé. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́ béèrè ìwọ̀n, mo sì kọ ọ́ láìparọ́: àyà ogójì, ìbàdí méjìdínlógójì, ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjìlélógójì. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ìwọ̀n páálí lòun ń béèrè. Ṣé páálí ń wọ ṣòkòtò ni?

Mo rí bébà aláràbarà àti gọ́ọ̀mù, mo sì ka ìwé rẹ pé kí n bá àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe ẹyin lọ́ṣọ̀ọ́ fún ìsinmi ìgbà ìrúwé. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti rán apá òsì méjì mọ́ búláòsì ìyàwó oníbúrẹ́dì, tí àdúgbò fi mí rẹ́rìn-ín, ni mo ti da aṣọ bo máṣíìnì tí mo sì ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ojú mi ti lọ, ọwọ́ mi náà ti lọ. Mo fẹ́ dá páálí yìí padà, ìyá rẹ ló kọ̀.

Obìnrin inú fídíò orí fóònù tó ń kọ́ni bí a ti ń ṣe ẹyin lọ́ṣọ̀ọ́, mo kí i títí, kò dáhùn, ṣùgbọ́n mo dárí jì í nítorí ó mọ iṣẹ́. Nígbà tó parí, ó ní ká má gbàgbé láti tẹ aago. Mo bọ́ síta, mo tẹ aago kẹ̀kẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Bá mi sọ fún un pé mo tẹ̀ ẹ́.

Ó ní ká lu ẹyin níhò lókè nísàlẹ̀, ká fẹ́ ohun inú rẹ̀ jáde. Ìyá rẹ ti lọ ìpàdé. Mo fẹ́ àkọ́kọ́ tagbáratagbára, àfi fàá lára kàlẹ́ńdà, oṣù kẹrin ò ṣeé kà mọ́. Mọ́kànlá tó kù bọ́ sínú àwo, mo dín in, mo sì jẹ ẹ́ kó má baà ṣòfò. Mo to èèpo wọn padà sínú kéréètì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ìyá rẹ fẹ́ dín ẹyin, ó fọ́ méje nínú wọn, afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Ó kó èèpo lọ bá ẹlẹ́yin jà níta gbangba kí n tó sáré dé láti jẹ́wọ́. Ó bínú sí mi, ó bínú sí ìwọ tó fi páálí ránṣẹ́, ó ní èmi nìkan jẹ ẹyin mọ́kànlá! Ṣùgbọ́n òun náà ló ra méje mìíràn, tó jókòó tì mí tó ń bá mi di bébà mú.

Mo na téèpù mọ́ ẹyin. Kò lọ́rùn, kò léjìká, ikùn nìkan ni látòkè délẹ̀, bíi ti alága àdúgbò wa. Síbẹ̀ mo gé kóòtù àti táì fún mẹ́fà, mo gé gáùn fún mẹ́fà, apá ọ̀tún sì wà lọ́tùn-ún. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ kó wọn dé ilé ìwé, àwọn ọmọ pariwo. Nọ́ọ̀sì kan tó mú ọmọ rẹ̀ wá yí kóòtù pupa wò tinútẹ̀yìn, ó bi mí bóyá mo lè bá òun gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò iṣẹ́ òun kúrú. Kí n tó sọ pé mi ò ránṣọ mọ́, ìyá rẹ ti ní kó mú un wá.

A délé, mo ká aṣọ kúrò lórí máṣíìnì, mo kán epo sí i, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó dún. Mo nu ojú mi. Ìyá rẹ ní eruku ló kó sí mi lójú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní kí nọ́ọ̀sì padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òní ọjọ́ Ẹtì, ó ti wá lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ń sọ fún un pé ó ku bọ́tìnnì. Ṣòkòtò náà ò ní bọ́tìnnì. Ìyá rẹ ní ó dájú pé mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún awò ojú àti okùn dúdú. Ẹni tó bá ń bọ̀ nílé ni kó o fún, má gba ti báǹkì. Ẹ̀rọ wọn ní kí n fi píìnì sí i, mo ti èyí tó wà láyà kóòtù mi bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ṣì ń tún un ṣe.

Ọ̀nà rẹ á là. Ohun tó o bá dáwọ́ lé á bá ọ mu bí aṣọ tí wọ́n wọ̀n sí ọ lára. Àwọn ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ dalẹ́.

Èmi ni, baba rẹ, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ṣíṣí.