Àwọn Lẹ́tà Báńkì Tó Wà Lẹ́yìn Àgádágodo

14, Òpópónà Akínrìnlọ,
Sùúrùlérè,
Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 1991.

Lateefat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bàbá àti àwọn àbúrò rẹ ńkọ́? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún. Ní kíláàsì wa ní Yábàá, bóyá ni ẹni méjì mọ orúkọ mi.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Àǹtí Abọ́sẹ̀dé, àbúrò màmá mi, ni mo ń gbé, àti pé ọkọ wọn, Bọ̀dá Julius, kú ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá. Owó tí báńkì yá Bọ̀dá ni wọ́n fi kọ́ ilé yìí, ìwé ilé sì wà lọ́wọ́ báńkì títí wọn yóò fi san án tán. Ọjọ́ tí wọ́n sìnkú tán ni ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá, Bàbá Ògúntádé, fi àgádágodo ti yàrá Bọ̀dá pa, ó kó kọ́kọ́rọ́ lọ sí Ìjẹ̀bú. (Jẹ́ kí n pè é ní "ó" lónìí.) Ó ní àti ogún àti gbèsè, mọ̀lẹ́bí ló ni ín, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun títí ọdún òkú yóò fi pé.

Àǹtí gbà. Bí lẹ́tà báńkì bá dé lórúkọ Bọ̀dá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá náà. "Lẹ́tà òkú ni, Motún. Kì í ṣe tèmi." Mẹ́sàn-án ni mo kà tó wọlé bẹ́ẹ̀. Mo rí i pé yíǹkì pupa ni wọ́n fi kọ ara àwọn ti ẹ̀yìn. Mo dákẹ́. Màmá mi ti kìlọ̀ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ara mi gan-an ni mo kọ́kọ́ ń bínú sí.

Ní ọjọ́ Ajé, ọkùnrin kan lẹ ìwé mọ́ géètì wa: wọn yóò lu ilé náà ní gbànjo ní ìparí oṣù. Àǹtí sáré lọ fóònù sí Ìjẹ̀bú. Bàbá Ògúntádé ní kí báńkì dúró de òun di oṣù kẹjọ.

Mo yá òòlù lọ́wọ́ káfíńtà.

"Motún, wọ́n á ní mo jí ẹrù ọkọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní èmi ni, Àǹtí."

Mo já àgádágodo náà, a sì ṣí àwọn lẹ́tà náà kà. Lateefat, báńkì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n lè gba èlé nìkan fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn lè fi ọdún kún un kí ti oṣooṣù lè dín. Wọ́n tilẹ̀ ní kí ìdílé fọwọ́ ara wọn ta ilé náà kí wọ́n lè rí nǹkan mú, torí gbànjo kì í mú owó gidi wá. Ọjọ́ ti kọjá lórí gbogbo rẹ̀.

A lọ bá máníjà. "Màdáámù, oṣù mẹ́sàn-án la fi ń kọ̀wé. Àbí àdúrà lẹ̀ ń gbà lé e lórí?" Èmi tí n kì í dá olùkọ́ lóhùn ni mo sọ̀rọ̀: "Sà, ẹ kí wa kú àdánù nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Kí ló dé tó jẹ́ òkú náà lẹ ṣì ń kọ̀wé sí?" Ó wo fáìlì rẹ̀ títí. Ó ní bí a bá san ìdajì ohun tó wà nílẹ̀ kí ogúnjọ́ oṣù yìí tó kọjá, òun yóò dá gbànjo dúró, òun yóò sì pín ìyókù sí oṣooṣù.

Àǹtí wá pinnu láti fi yàrá Bọ̀dá háyà. Tíṣà kan ti wò ó. Ó ní òun yóò mú owó ọdún méjì wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òun nìkan là ń retí.

Àná ni Bàbá Ògúntádé dé. "Ta ló já àgádágodo mi?" Mo ní èmi ni. "Ta ni ọ́ nínú ilé yìí?" Mo kó lẹ́tà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lé e lọ́wọ́. Ó ní òun ò mú awò ojú òun wá. Mo gbà wọ́n padà, mo fa àga, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n sí i létí, láti orí ti àkọ́kọ́. Ìgbà tí mo ka ìkẹrin tán ló ní ó tó. Mo ka márùn-ún tó kù.

Bá mi kí gbogbo ilé. Sọ fún Bàbá yín pé bí lẹ́tà bá dé, orúkọ ẹnikẹ́ni tó wù kó wà lára rẹ̀, kí wọ́n ṣí i.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ títí,
Motúnráyọ̀