Màmá Máa Wà Lórí Tax Tèmi

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Mi ò ní gbà lọ́tẹ̀ yìí.

Bí mo ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Kúnlé, pè. Wọ́n ní àwọn máa fi Màmá sórí tax àwọn lọ́dún yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí àwọn ń bọ́, torí pé àwọn ni àkọ́bí. Cinco Ranch ni wọ́n ń gbé, bíi wákàtí kan sí ọ̀dọ̀ Màmá. Mi ò rántí ìgbà tí wọ́n dé apartment Màmá ní League City kẹ́yìn.

Accountant mi ò béèrè àkọ́bí. Ó béèrè ẹni tó san ju ìdajì rent, iná àti oúnjẹ Màmá ní gbogbo ọdún tó kọjá. Èmi ni. Mo rò pé head of household tó ń dín tax kù ò lè kàn mí, torí mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ. Ó ní ó kàn mí: Màmá ò ní owó tó ń wọlé, òbí sì ni wọ́n, kò pọn dandan ká jọ gbé.

Nígbà tí mo sọ èyí fún Bọ̀dá, wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ gba ipò mi ni?"

Ipò wo? Ọbẹ̀ tí mo máa gbé lọ fún Màmá lọ́la ló wà lórí iná yìí.

Màmá náà pè. "Fọlá, fi sílẹ̀ fún un. Òun ló máa sìnkú mi."

Mo ní, "Màmá, ẹ máa pẹ́. Tó bá digbà yẹn, kí Bọ̀dá ṣe tiwọn. Ní báyìí tẹ́ ẹ wà láàyè, èmi ni mò ń tọ́jú yín."

Màmá ní kí n má jẹ́ kí iyọ̀ ọbẹ̀ ọ̀la pọ̀ jù.