Gìtá Béèsì Aláwọ̀ Ewé ti Ẹ̀gbọ́n Mi

                                        Ṣọ́ọ̀bù Oníṣẹ́ Gìtá,
                                        Òdìkejì Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Oníkíbọ́ọ̀dù wa,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tí o ní kò fẹ́ fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rárá? Má bínú sí i, ó ti gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀? Ara tèmi le, gbogbo ilé mi náà sì wà. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti tábìlì iṣẹ́ mi láti kọ̀wé sí ọ dípò kí n pè ọ́. Tí mo bá pè ọ́, ẹkún ni n ó kàn sun sí ọ létí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni. O rántí pé mo sọ fún ọ nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn pé ó ti ń gbàgbé nǹkan. Nígbà náà, a ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á máa wá awò nígbà tí awò wà lójú rẹ̀, gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á bá wa rín in. Ẹ̀rín ti tán báyìí. Ó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ pé ìgbà wo ni òun máa padà sílé òun. Dókítà ní kò sí oògùn tó lè dá a padà, pé kí a máa fi sùúrù bá a gbé, kí a sì máa fi ohun tó fẹ́ràn sí tòsí rẹ̀.

Èmi gan-an, ó ti gbàgbé mi. Lọ́jọ́ tí mo mọ̀, mo kí i bí mo ṣe máa ń kí i, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá. Ẹ jókòó." Ọ̀rẹ́ mi, "ẹ" ni ẹ̀gbọ́n mi fi dá mi lóhùn. Ẹni tó pọ̀n mí sẹ́yìn, tó ti gbá mi létí rí, tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so okùn gìtá, òun ló ń bọ̀wọ̀ fún mi bí àlejò. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Mo jókòó lóòótọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí kò gbàgbé ni béèsì rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń béèrè rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á gbé èyí dúdú tí o mọ̀ fún un, èyí tó ti ń ta láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀. Á wò ó, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní kí wọ́n lọ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ó pẹ́ kó tó yé wa pé aláwọ̀ ewé ló ń wá, èyí tí wọ́n jí nínú ọkọ̀ wa lẹ́yìn ìgbéyàwó tí a lọ ṣeré níbẹ̀. Ìwọ lo dì í mú lọ́jọ́ náà nígbà tó jókòó sẹ́bàá títì tó ń sunkún. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti padà lọ.

Ìyàwó wa bá tọ̀ mí wá ní ṣọ́ọ̀bù. O mọ̀ pé látọjọ́ tó ti wọ ilé wa, kì í pe orúkọ mi, Ọkọ Mi Kékeré ló ń pè mí. Ó ní, "Ọkọ Mi Kékeré, iṣẹ́ yín ni gìtá. Ẹ bá mi wá tiẹ̀ fún un." Mo ní gìtá tí wọ́n ti jí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ibo la ti fẹ́ rí i. Ó ní òun mọ̀. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń to àwọn nọ́ọ̀tì irin kéékèèké tó wà lórí tábìlì mi sí ìlà. N kò lè sọ pé rárá fún un.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn tó jọ ọ́. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ọjà àlòkù ni mo ti rí i, ó gbé e kọ́ sáàárín àwọn fáànù. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà pákó kùn ún bí ẹni tó ń kun àga. Mo gbé e sójú, mo wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí dé orí, ó ti tẹ̀. Ọlọ́jà ní bí tuntun ló rí. Mo ní tó bá jẹ́ pé tuntun nìyí, a jẹ́ pé ọmọge ni èmi náà. Ṣùgbọ́n ara pákó rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bíi ti àtijọ́, irin inú ọrùn rẹ̀ sì ṣì ń yí, ni mo bá gbé e.

Mo tú u palẹ̀. Mo ń yí irin ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, màá fi í sílẹ̀ kó sinmi kí n tó tún un yí, títí tó fi nà. Mo pààrọ̀ àwọn kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń fa okùn, mo pààrọ̀ wáyà inú rẹ̀, mo sì yọ pikọ́ọ̀pù tó ń gba ohùn lábẹ́ okùn, èyí tó ń kùn yùn-ùn, mo fi èyí tó ń dún wúwo síbẹ̀, torí ohùn ti ẹ̀gbọ́n mi máa ń wọni nínú. Lẹ́yìn náà ni mo fi sáńpépà họ gbogbo ọ̀dà burúkú yẹn kúrò.

Àwọ̀ ewé yẹn ló wá dà mí láàmú. Ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tí ìyá wa kun fèrèsé la fi kun ti àkọ́kọ́, kì í ṣe àwọ̀ tí wọ́n ń tà. Mo lọ sí ilé wa àtijọ́. Télọ̀ kan ló ń gbé pálọ̀ wa báyìí, ó sì ti fi ọ̀dà funfun kun gbogbo fèrèsé. Ó kọ́kọ́ rò pé orí mi ti yí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó fúnra rẹ̀ tú irin tó di fèrèsé mú, a sì rí àwọ̀ ewé náà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí mo họ kò ju èékánná lọ, òun ni alápòpọ̀ ọ̀dà wò tó fi bá mi po òmíràn.

Ó wá ku nǹkan kan. Nígbà tí a kun ti àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ fún mi kí n jẹ́ kó gbẹ. Kò tíì yíjú padà tí mo fi gbá gìtá náà mú. Àtàǹpàkò mi rì sínú ọ̀dà lábẹ́ ìwo rẹ̀ ìsàlẹ̀, pákó tó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn gìtá. Kò nà mí. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó kọ̀ kí n họ ọ́ dà nù, ọjọ́ náà ló sọ mí ní Alákánjú. Òun àti ìwọ nìkan lẹ ń pè mí bẹ́ẹ̀. O mọ̀ mí nídìí iṣẹ́ yìí, n kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé ọ̀dà tútù. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ̀ọ́mọ̀ tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn. Ó ti tóbi ju ti ìgbà náà lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

Àná ni mo gbé e lọ. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé itan, ó dẹ okùn tó nípọn jù lọ nínú wọn díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó wá bẹ̀rẹ̀ orin tí a fi máa ń ṣíde, èyí tí o máa ń yára wọlé sí. Kò ṣi ìka kankan. Ìyàwó wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi etí aṣọ bo ẹnu. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe é tán, ọwọ́ rẹ̀ rìn lọ sábẹ́ ìwo gìtá náà, ó bá ojú àtàǹpàkò náà pàdé. Ó fi ìka pa á lọ, ó pa á bọ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

Ó ní, "Alákánjú ló kun èyí."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rèé." Ó wò mí, ó wò mí dáadáa, àánú mi sì hàn lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ dìde, ọ̀gá. Ọmọdé ni àbúrò mi. Tí ẹ bá rí i níta, ẹ bá mi sọ fún un pé n kò bínú. Kó ṣáà máa jẹ́ kó gbẹ."

Mo ní màá jíṣẹ́.

Jọ̀ọ́, tí o bá lè wá, tètè wá. Má wulẹ̀ sọ orúkọ rẹ fún un. Jókòó ti kíbọ́ọ̀dù, kí o tún yára wọlé orin bíi tàtijọ́. Bóyá á bú ọ, mo sì fẹ́ kí ẹnì kan nínú wa tún gbọ́ èébú lẹ́nu rẹ̀. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ọmọ. Ìyàwó wa ní kí n kí ọ.

Èmi ni tìrẹ, ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ sí ara rẹ̀,

Alákánjú.