Àwòrán Ìyá Wa Tó Pòórá

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú: àwòrán ìyá wa tí mo ṣèlérí fún yín ti pòórá ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà wa. Bàbá wa ń kí yín, orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀. Ọmọ mi ti hu eyín mẹ́rin.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa sọ pé olè ló gbé e níbi tí mo sá a sí kó gbẹ, àmọ́ ara ń fu mí. Òun náà ló ní ẹ̀yìn àwòrán ni ká máa kọ orúkọ wa sí. Lánàá, mo rí àwòrán kan tó kọjú sí ògiri ní ọ́fíìsì rẹ̀, pákó tuntun bo ẹ̀yìn rẹ̀ pátá. Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló ya ìyẹn?"

Ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ̀kọ́ lo wá kọ́ àbí iṣẹ́ ọlọ́pàá lo wá ṣe?"

Ẹ rántí pé ọmọ tí mo pọ̀n ló nawọ́ tẹ ọ̀dà tútù, tí ojú àtàǹpàkò rẹ̀ hàn ní igun iwájú àwòrán náà. Mi ò pa á rẹ́, torí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ó wà nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí yín kí fóònù mi tó bàjẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá máa pàtẹ àwọn iṣẹ́ tirẹ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ẹ bá mi fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí fóònù Bàbá, kẹ́ ẹ sì tètè fèsì.