Ta Ló Ní N Kò Níṣẹ́ Lọ́wọ́?

Ìnísà,
Oṣù Kẹta, 1955.

Láwàlì ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé oòrùn Wagadugú kò pa yín lára jù? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú tì ọ́ lọ́jà, àmín. Inú ń bí mi gan-an, ìdí nìyẹn tí n kò fi pè ọ́ ní Àjàní lókè yìí. Ìyàwó rẹ Ṣàkírátù, tí o rán wálé láti wá tọ́jú mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti ní kó má fo ọ̀rọ̀ kankan, títí kan èyí tí mo bá fi bú òun alára.

Gbogbo ilé ń kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ mẹ́ta, ìjì sì ti ṣí páànù ìdáná.

Àga aláṣọ tí o fi ránṣẹ́ dé. O ní kí n máa sinmi lórí rẹ̀. Mo jókòó sí i, ó ká mi mọ́ inú bí ẹní, àfìgbà tí àwọn ará ilé fà mí jáde. Ṣàkírátù gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gba garawa, ó wá dojú ìkòkò aró mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin délẹ̀, ó ní ìwọ lo pàṣẹ. Ìkòkò aró tí mo fi tọ́ ọ dàgbà! Aṣọ ta lo kọ́kọ́ gbé lọ tà ní Wagadugú, bí kì í bá ṣe èyí tí mo rẹ?

Ìwé tí o ní kí n tẹ̀ka sí, kí n lè wá máa bá yín gbé, ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Wọ́n ní kí n ya fọ́tò, kí n tú gèlè, kí etí mi méjèèjì hàn. Ṣé fọ́tò ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀? Ìyẹn kò tíì dùn mí tó ibi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ mi, tí Ṣàkírátù ka Faransé rẹ̀ síta pé Raymond akọ̀wé yín kọ ọ́ pé n kò níṣẹ́. Èmi! Wọ́n á ti kà á dé Párísì báyìí. Nígbà tí mo wá kí yín, ṣebí mo rí àwọn ìyá arúgbó Mọ̀sí ní Tampúyì, àdúgbò kan níbẹ̀, tí wọ́n ń ran òwú, tí wọ́n ń fi èdè wọn kí mi ní barka. Ta ló ra àga fún wọn?

Gbọ́, Láwàlì. Aṣọ ogún oníbàárà ni mo ń fi orí mọ̀, ta ló fẹ́ ẹ dúdú, ta ló fẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi jókòó lásán, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pe Ṣàkírátù ní Ìbíjọkẹ́, àbúrò mi tó ti kú tipẹ́. Lọ́jọ́ kan mo dúró lójú ọ̀nà, n kò rántí ibi tí mò ń lọ. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, mo sì sunkún. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èmi ni mo mọ ohun tó ń mú arúgbó dìde láàárọ̀.

Mo fi ìwé náà sínú lẹ́tà yìí, bá mi mú un padà sí bùrò, ọ́fíìsì wọn, kí Raymond kọ ọ́ gàdàgbà pé aláró ni mí. Fi owó ewé èlú ránṣẹ́, àti ti ìkòkò kan, nítorí Ṣàkírátù fọ́ ọ̀kan, ojú sì ń tì í bó ṣe ń kọ ọ́ yìí. Àga rẹ ti wúlò, mo ń sá èlú lórí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, kí àwọn ọmọ rẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ ogbó, àmín.

Mo ti tẹ̀ka, àmọ́ kì í ṣe sórí ìwé wọn, ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí ni. Tàdáwà kọ́ ni mo lò, aró ni. Èmi fúnra mi ni mo gbé ìkòkò nàró lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì tọ́ aró inú rẹ̀ wò láàárọ̀ yìí, ó ti tó rẹ aṣọ.

Èmi ni ìyá rẹ, aláró.