Ìlà Kan Tí Mo Yọ

Àgọ́-Ìwòyè,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà, ọdún 2016.

Akínbọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ kíláàsì tí ò ń kọ́, mo sì kí omi Abigi tó gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le. Ara tèmi náà le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń pè ọ́ kí n lè gbọ́ ìyìn. Láti àná, mo ń pè ọ́ kí n lè kìlọ̀ fún ọ. Fóònù rẹ kò lọ. Àdíját aládùúgbò mi, tó ń lọ kí ìyá rẹ̀ lọ́hùn-ún, ni yóò bá mi mú lẹ́tà yìí wá. Ó ti wọ bàtà, ó ń wò mí.

Jọ̀wọ́, bí o kò bá tíì ki káàdì mẹ́mórì tí mo fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá bọ inú àwọn géèmù àtẹ́lẹwọ́ yẹn, má ṣe kì í bọ̀ wọ́n mọ́. Mo ti ṣe àṣìṣe.

O rántí pé nígbà tí a jọ kọ eré ẹja kíkà ní yunifásítì, ìwọ lo kọ dírẹ́bà fún ojú géèmù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ ohun tí eré bá wí kí ojú ẹ̀rọ lè gbọ́. Àlòkù ni a rà, ojú wọn kò jọra, ó di ògbufọ̀ mọ́kànlá. Ó sú mi. Mo sọ mọ́kànlá di ẹyọ kan, òun ló wà nínú mẹ́mórì tí mo fi ránṣẹ́ yẹn; mo dán an wò lára mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n tàn, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn. Ìwọ náà mọ̀ mí. Ìyá mi ní Atikori a máa sọ pé bí mo bá gbé iṣu kaná, màá ti fi ṣíbí gún un kí omi tó hó.

Lánàá, àlejò oníwàásù kan wá sí ìjọ wa ní Awa. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, Bàbá Zechariah sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí ti Ìjẹ̀bú. Àlejò náà kò sinmi. Gbólóhùn kan ń gun èkejì lẹ́yìn. Nígbà tó yá, Bàbá kàn dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ìjọ kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wá rọra sọ pé, “Wòlíì, ẹ jẹ́ kí n gbé ti àkọ́kọ́ mì ná.” Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ògbufọ̀ tí mo kọ ni mo rántí.

Mo sáré wálé, mo gba géèmù Rachel àbúrò mi, èyí tó gbó bíi tàwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ. Mo ki iṣẹ́ mi tuntun bọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ funfun báláú, ẹja kan kò hàn níbẹ̀. Mo padà sínú iṣẹ́ rẹ àtijọ́, mo sì rí ìlà kan tí mo yọ nítorí pé kò ṣe ju pé kó ní kí ògbufọ̀ dúró díẹ̀ lọ. O kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: “Gbénró, má yọ èyí. Àgbà ni ẹ̀rọ yìí, jẹ́ kó mí.” Orúkọ mi lo kọ síbẹ̀, Akínbọ́lá, n kò sì kà á. Ojú tì mí.

Mo mọ̀ pé Ọjọ́rú ni àwọn òbí ń bọ̀ wá wo eré náà, ọ̀gá ilé-ìwé rẹ sì ti ní bí géèmù bá já yín kulẹ̀ lójú wọn, inú àpótí ni òun ó ti gbogbo géèmù náà mọ́. Bí mo bá ti rò ó, n kò lè jókòó. Mo ti dá ìlà rẹ padà sínú ògbufọ̀ kan ṣoṣo náà, ti Rachel sì tàn. Mẹ́mórì mìíràn wà nínú àpòòwé yìí. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwọ kì í pa òwe yẹn, o kàn ń ṣe é ni.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìwàǹwára mi ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ jẹ́. Kó mú Àdíját dé láyọ̀, kó sì jẹ́ kí ojú àwọn ọmọ náà tàn lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè dúró,
Gbénró.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: bí ojú wọn bá ti funfun kí èyí tó dé, má tú wọn. Ki mẹ́mórì yìí bọ̀ wọ́n, tẹ bọ́tìnì, kí o sì gbọ́wọ́ kúrò. Jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ka ení, èjì, lọ sí ẹ̀wá. Orí ẹ̀sán ni ti Rachel tàn. Mo jókòó, mo kà á dé ibẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án.